Adúmáadán Kò Jẹ̀bi

Òórùn ni Sango Ọ̀tà fi ń kí àlejò. Kí ọkọ̀ tó dúró dáadáa lábẹ́ bíríìjì, imú rẹ á ti mọ ibi tí o dé: èéfín irin tí wọ́n ń yọ́, ike tó ń gbóná, àti òórùn bísíkíìtì kan tó máa ń fẹ́ wá láti ibi tí n kò mọ̀ dòní, tó ń mú kí ẹni tó ti jẹun yó tún máa dá itọ́ mì. Èyí tó jẹ́ tèmi nínú gbogbo rẹ̀ ni òórùn ọṣẹ. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣiṣẹ́ ní kọ́ńpìnì kan tó ń ṣe ọṣẹ ìwẹ̀. Ìwé tí mo kà ní yunifásítì ni wọ́n wò kí wọ́n tó gbà mí, ṣùgbọ́n imú mi ni wọ́n ń sanwó fún. Èmi ni mo máa ń yẹ ọṣẹ wò kí wọ́n tó dì í sínú páálí. Bí lọ́fínńdà rẹ̀ bá pọ̀ jù tàbí tó kéré jù, èmi ni mo máa kọ ọ́ sára páálí pé rìjẹ́ẹ̀tì ni, n kò sì bẹ ẹnikẹ́ni rí pé kó forí jì mí nítorí pé mo kọ̀ ọ́. Mo ń sọ èyí kí o lè mọ irú èèyàn tí mo jẹ́ kí n tó sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún Adúmáadán ní Joju, àdúgbò tí a ń gbé ní Sango nígbà náà. Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí, àmọ́ bí mo ṣe ń rò ó yìí, inú ṣì ń bí mi.

Ehoro ni Adúmáadán. Bàbá mi ló ń sin ehoro ní Ẹdẹ lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́, ó sì mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí ó ṣe mọ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Nígbà tó kú, ẹbí pín àwọn ehoro náà kí ọjọ́ mẹ́jọ tó pé, àwọn kan sì ti jẹ tiwọn kí wọ́n tó délé. Méjì péré ni ìyá mi rí gbé pamọ́ sábẹ́ ibùsùn, abo méjì, ọmọ ìyá kan náà, tí bàbá mi fi mílíìkì tọ́ láti ìgbà tí wọn kò tíì lajú. Ọ̀kan dúdú, ó ń dán bí ìkòkò tuntun tí wọ́n fi epo nù. Òun ni bàbá mi sọ ní Adúmáadán. Èkejì funfun láìlábàwọ́n, Ẹfun lorúkọ tirẹ̀. Nígbà tí ojú ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, mo lọ mú un wá sọ́dọ̀ ara mi. Àpò kan ló gbé wá, àti apẹ̀rẹ̀ kan tí àwọn méjèèjì wà nínú rẹ̀, ó sì ní bí n kò bá láyè fún wọn, kí n yáa dá òun padà láti gáréèjì. Láràárọ̀ ló máa ń jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, á gbé wọn sí itan, á máa fi ọwọ́ mọ èyí tó jẹ́ Adúmáadán àti èyí tó jẹ́ Ẹfun, á sì máa sọ fún wọn ohun tí kì í sọ fún èmi ọmọ rẹ̀. Nítorí náà, bí mo bá ní wọ́n fẹ́ pa Adúmáadán, má rò pé ọ̀rọ̀ ẹran lásán ni mò ń sọ. Ohun ẹlẹ́mìí tó ṣẹ́ kù nínú ilé bàbá mi kò ju méjì lọ, ìdajì rẹ̀ ni wọ́n sì fẹ́ fi se ọbẹ̀.

Ilé oníyàrá mẹ́jọ ni ilé tí a háyà ní Joju, ìyá onílé fúnra rẹ̀ ló sì ń gbé iwájú. Àlhájà ni gbogbo wa ń pè é. Ọmọ bíbí Ọ̀tà ni, ó ti ta epo pupa ní ọjà Ọ̀tà títí orúnkún rẹ̀ fi kọ̀ fún un. Ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan níwájú yàrá rẹ̀, símẹ́ńtì pupa tó dán gbinrin, ayálégbé kankan kò sì gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́. Bí o bá ní ọ̀rọ̀ láti bá a sọ, ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni wàá dúró sí, ìbáà máa rọ̀, ìbáà máa ràn. Mo ti ka èyí sí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ kí ọ̀rọ̀ ehoro tó dé rárá. Jórinjórin kan wà nínú ilé náà tí yàrá rẹ̀ kọjú sí ilé ìdáná, tó máa ń to kẹ́ẹ̀gì ọ́ìlì dúdú jọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé pákó àwọn ehoro wa. Mo ti bá a sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta pé kó kó o kúrò níbẹ̀. Ìgbàkígbà tó bá ń kọjá, á bi ìyá mi bí àwọn ẹran náà ti wúwo tó, ìyá mi á sì dá a lóhùn pé wọn kò tíì wúwo tó orí rẹ̀, kó ṣì ní sùúrù.

Àṣà kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ, torí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ọṣẹ tí a bá kọ̀ ní kọ́ńpìnì, tí kò sì ní aburú lára, wọ́n máa ń pín in fún àwa òṣìṣẹ́ ní ìparí oṣù. Kì í ṣe kọ́ńpìnì wa nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Joju, o lè fi imú mọ ibi tí ará ilé kọ̀ọ̀kan ti ń ṣiṣẹ́: ilé tí wọ́n ti ń jẹ àfọ́kù bísíkíìtì, ilé tí ike rẹ̀ kò ní ìdérí, ilé tí ọṣẹ rẹ̀ wọ́. Lóṣù yẹn, ọṣẹ kan wà tí ẹni tó ń da lọ́fínńdà sínú ẹ̀rọ dà á lẹ́ẹ̀mejì. Bí o bá fi wẹ ọwọ́ láàárọ̀, o ṣì máa gbọ́ ọ lára ìrọ̀rí rẹ lálẹ́. Èmi ni mo kọ̀ ọ́. Wọ́n pín in fún wa, mo gbé tèmi wálé, mo sì mú mẹ́ta fún Àlhájà níbẹ̀, torí pé wọ́n kọ́ mi nílé.

Ọjọ́ Sátidé ìmọ́tótó ni ìjà náà bẹ̀rẹ̀. Mo wà níbi iṣẹ́ àárọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà, ìyá mi bá oníkẹ̀kẹ́ kan tí a mọ̀ lọ sí ọsibítù ní Ọ̀tà kí wọ́n lọ bá a wo ojú rẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ padà dé. Kí n tó rí i ni mo ti gbọ́ ọ: ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ehoro tó ń gbá pákó, kì, kì, kì, bí ẹni ń gún odó tí kò sí iyán nínú rẹ̀. Irun funfun ti fọ́n káàkiri ilẹ̀ bí òwú. Ẹfun ká jọ sí igun kan, etí rẹ̀ ọ̀tún ya láti òkè dé ìdajì, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lọ́rùn. Adúmáadán dúró lójú kan ní ìdojúkọ rẹ̀, imú rẹ̀ ń mì kíákíá. Mo na ọwọ́ sí i bí mo ṣe máa ń ṣe, ló bá gé mi jẹ ní àtàǹpàkò. Àpá rẹ̀ nìyí. Nígbà tí ìyá mi dé, ó fi ọwọ́ pa etí tó ya náà títí, kò sọ nǹkan kan fún mi. Àwọn ehoro ló bi pé kí ló ṣe wọ́n.

Mo fi omi iyọ̀ fọ ojú egbò, mo gbé Ẹfun sínú páálí kan kó sùn níbẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, pẹ̀lú gbogbo ìwé tí mo kà, mo rò pé ibínú ti lọ, mo bá dá a padà sọ́dọ̀ èkejì rẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú tí èèyàn fi ń mu ife omi kan kí wọ́n tó tún so mọ́ra, wọ́n ń yí bírí bírí, irun ń fò. Mo fi páànù pín wọn níyà. Ariwo yẹn ló mú Àlhájà jáde, jórinjórin sì tẹ̀ lé e. Gbogbo ilé wá dúró yí wa ká, wọ́n sì dá ẹjọ́ náà lórí ìdúró.

Àlhájà ní, "Ẹran tó bá ti mọ adùn ẹ̀jẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, kò ṣeé sìn mọ́. Kí Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀ tó kọjá, ẹ pa dúdú yẹn."

Mo bi wọ́n pé ta ló rí ìbẹ̀rẹ̀ ìjà náà. Kò sẹ́ni tó rí i. Mo bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe wá mọ̀ pé dúdú ló jẹ̀bi. Wọ́n ní ṣebí funfun ni ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀. Àlhájà tún fi kún un pé òun ti ń fura sí dúdú tipẹ́, pé ó máa ń wo òun bí ẹni tó mọ àṣírí òun, ṣùgbọ́n funfun ní tirẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ọmọ ilé kéú. Ó ní ìjà kì í dá wọlé, pé bí ẹran bá ń jà nílé, àwọn tó ń gbé ilé náà kò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀. Jórinjórin ní òun á bá wa dú u láìgba kọ́bọ̀, itan kan péré lòun fẹ́. Ó ti ń wo ìyá mi bó ṣe ń sọ ọ́, ó ń retí èsì, ṣùgbọ́n ìyá mi kò fèsì. Ó gbé Adúmáadán mọ́ àyà, ó sì kọ ẹ̀yìn sí gbogbo wọn. Ẹ̀yìn ìyá mi tí mo rí yẹn ni kò jẹ́ kí n bẹ̀bẹ̀. Mo kúnlẹ̀, torí àgbà ni Àlhájà, ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ lórí ìkúnlẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bẹ̀.

Mo ní, "Àlhájà, n kò ní pa á. Kò ní kú ní Jímọ́ọ̀, kò sì ní kú ní Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀ lé e."

Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí èmi náà máa di ẹrù mi, Akọ̀wé ọṣẹ. Bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn bí mo bá ti mú un bínú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo jókòó láti kọ lẹ́tà. O ti mọ̀ mí báyìí, n kì í gbàgbé ohun tí wọ́n ṣe fún mi, mo sì máa ń rántí ọjọ́ rẹ̀. Mo kọ ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ sílẹ̀, mo kọ ti ọ́ìlì dúdú, ti omi ẹ̀rọ tí wọ́n máa ń tì pa nígbà tó bá kan àwa láti pọn, ti ìdájọ́ tí kò sí ẹlẹ́rìí. Ìyá mi bi mí pé kí ni mò ń kọ tó gùn tó bẹ́ẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé bàbá mi ní ohun kan tó máa ń ṣe fún àwọn tó bá ń jà, pé ó máa ń gbé wọn jáde. Mo ní kó jọ̀ọ́ kó jẹ́ kí n parí èyí tó wà lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ kejì mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tẹ ìwé ní ọ̀nà Ilo-Awela, wọ́n tẹ̀ ẹ́ di ojú ìwé mẹ́ta, ẹ̀sùn mọ́kànlá, gbogbo rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Torí pé n kò gbọdọ̀ tẹ ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fi òkúta tẹ lẹ́tà náà mọ́ àtẹ̀gùn. Àlhájà mú un, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní kí jórinjórin sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún òun. Ìyẹn ní Gẹ̀ẹ́sì ni, pé ó pọ̀. Ó ká a, ó sì wọlé. Kò fèsì. Mo ka àìfèsì náà sí ẹ̀sùn kejìlá.

Ní ọjọ́ Wẹ́sídé, ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ ní kí n wá ṣàlàyé ọṣẹ tí mo kọ̀ yẹn, torí wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó da lọ́fínńdà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. A máa ń fi ẹyọ kan pamọ́ nínú gbogbo ọṣẹ tí a bá yẹ̀ wò. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo mú un jáde, mo gbé e sí imú.  Mo ti gbọ́ òórùn yẹn láàárín ọ̀sẹ̀ náà, kì í sì í ṣe níbi iṣẹ́. Ìgbà tí mò ń fọ egbò Ẹfun ni mo gbọ́ ọ, ní abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, mo sì rò pé aṣọ iṣẹ́ mi ló ń rùn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gbé inú òórùn kì í gbọ́ ọ mọ́. Imú tí wọ́n torí rẹ̀ ń sanwó fún mi ló tàn mí jẹ, odindi ọjọ́ mẹ́rin.

Ohun tó yẹ kí n ti mọ̀ ni pé ehoro kì í fi ojú mọ èkejì rẹ̀. Òórùn ló fi ń mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí àwọn méjèèjì ni wọ́n ti ń fi àgbọ̀n ra ara wọn, tí wọ́n ń sùn nínú koríko kan náà, tí wọ́n fi ń ní òórùn kan ṣoṣo bí ọmọ ilé kan ṣe ń ní ilà kan. Ẹni tí wọ́n dá padà fún Adúmáadán ní Sátidé kì í ṣe Ẹfun lójú tirẹ̀. Àjèjì ni, àjèjì tó fi lọ́fínńdà para tó wọ inú ilé rẹ̀ láìkanlẹ̀kùn. Kí ni ìwọ ì bá ṣe?

Mi ò dúró bọ́ aṣọ iṣẹ́ nígbà tí mo délé. Mo mú ẹyọ ọṣẹ kan tó kù nínú yàrá mi, mo lọ dúró sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Àlhájà jókòó lórí àga rẹ̀, ó ń yọ òkúta lára ìrẹsì. Ìyá mi gbọ́ ohùn mi, ó tọ ògiri wá dúró lẹ́yìn mi.

Mo ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Àlhájà. Ṣé ẹ̀yin lẹ wẹ Ẹfun ní Sátidé?"

Kò tiẹ̀ gbé ojú sókè. "Èmi ni. Ìyá rẹ ti jáde, wọ́n ṣì ń gbálẹ̀, wọ́n ta ilé ehoro yín ṣí, ó jáde lọ kó sínú ọ́ìlì jórinjórin. Ṣé kí n máa wò ó ni?"

"Ọṣẹ wo lẹ fi wẹ̀ ẹ́?"

Ìgbà yẹn ló tó wò mí. Ó wo ojú mi, ó wo ọṣẹ tó wà lọ́wọ́ mi. "Ọṣẹ tí o fún mi ni, Akọ̀wé. Àbí òmíràn wà tí o máa ń fún mi?"

Jọ̀ọ́, fojú inú wò ó. Ẹ̀sùn mọ́kànlá ni mo tẹ̀ sínú ìwé, èyí tó fa ìjà gan-an kò sí níbẹ̀, ọwọ́ tèmi ló sì ti jáde. Ọṣẹ tí mo kọ̀ fún gbogbo Nàìjíríà ni mo gbé lọ fún àgbà obìnrin kan bí ọrẹ. Ojú tì mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ìtìjú kì í ṣe ìdí tí èèyàn fi máa fi ẹ̀tọ́ sílẹ̀. Mo sọ fún un bó ṣe jẹ́, láti orí lọ́fínńdà títí dé orí etí tó ya, mo sì ní èmi jẹ̀bi, ẹ̀yin náà jẹ̀bi, ẹni tó gbé ọ́ìlì síbẹ̀ jẹ̀bi. Adúmáadán nìkan ni kò jẹ̀bi, òun nìkan ṣoṣo ni a sì dájọ́ ikú fún. Àlhájà ní òun wẹ ẹran ẹlẹ́ran lọ́fẹ̀ẹ́, òun tún di ọ̀daràn. Ó ní bí òun bá ti fi í sílẹ̀ sínú ọ́ìlì, ìyẹn náà kì bá di ẹ̀sùn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òtítọ́.

Ìyá mi ló dá sí i. Ó ní Bàbá kì í pa èyí tó bá ń jà. Ó máa ń fi koríko tí ọ̀kan sùn lé ra èkejì lára, á fún ewé ọ̀dùnkún sí àwọn méjèèjì lẹ́yìn, á kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀ kan, á gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ gbọ̀n wọ́n lójú ọ̀nà títí ẹ̀rù á fi bà wọ́n, tí wọ́n á fi máa wá ara wọn. "Lẹ́yìn náà, á tú wọn sí ibi tí ẹnì kankan nínú wọn kò ti jẹ́ onílé."

Mo wo ọgbà náà yíká. Kò sí ibì kan nínú ọgbà náà tí àwọn ehoro yẹn kò tíì fi àgbọ̀n ra, láti ẹ̀yìnkùlé dé ẹnu kànga. Ibì kan ṣoṣo ló kù. Mo wo símẹ́ńtì pupa tó wà níwájú mi.

Mo ní, "Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín ni, Àlhájà."

Jórinjórin tó ń gbọ́ wa láti ọ̀ọ́kán bú sẹ́rìn-ín. Ó ní èèyàn kò tíì tẹ ibẹ̀, ehoro wá fẹ́ ṣípò lọ síbẹ̀. Àlhájà kò bá a rẹ́rìn-ín, ó gbé ìrẹsì rẹ̀ wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ní gbogbo ọjọ́ Tọ́sídé, kò sọ̀rọ̀ sí wa. Èmi àti ìyá mi kò dúró dè é. A pààrọ̀ ilé fún wọn, Ẹfun lọ sùn sínú koríko Adúmáadán, Adúmáadán lọ sínú páálí Ẹfun. A fún ewé sí wọn lára, mo sì fi koríko ra Ẹfun títí imú mi, imú kan náà yẹn, kò fi gbọ́ lọ́fínńdà mọ́. Imú ẹlòmíràn ni mo ní kó wá jẹ́rìí sí i, torí n kò gba tèmi gbọ́ mọ́. Mo sì di ẹrù kan, kí Àlhájà lè rí i pé bí ó bá di pé kí a lọ, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la ó jọ lọ.

Ní àárọ̀ Jímọ́ọ̀, a kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi wá láti Ẹdẹ, a wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ilo-Awela. O mọ bí ojú ọ̀nà yẹn ṣe rí. Mo ti bú kòtò ibẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ dúpẹ́ fún un. Ìyá mi gbé apẹ̀rẹ̀ lé itan, ó fi ọwọ́ kan sínú rẹ̀. Awakọ̀ bi wá bóyá a fẹ́ fi wọ́n se ọbẹ̀ ata ni, mo ní kó máa wo iwájú rẹ̀. Nígbà tí a kọlu kòtò kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ìyá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní wọ́n ti fi orí bọ abẹ́ ara wọn.

Nígbà tí a padà dé, Àlhájà ti tẹ́ ẹní àtijọ́ kan sórí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó lórí àga rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ká sókè bí ẹni tí omi fẹ́ wọlé bá. Jórinjórin dúró ní ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ tó ti pọ́n, ó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ata ti hó, Àńtí. Kò sẹ́ni tó pè mí gòkè. Mo bọ́ bàtà, mo gun àtẹ̀gùn, ìyá mi tẹ̀ lé mi, mo sì da apẹ̀rẹ̀ dojú dé díẹ̀díẹ̀ sórí ẹní.

Wọn kò kọ́kọ́ mira. Símẹ́ńtì náà ń yọ̀, kò sí òórùn ẹnì kankan tí wọ́n mọ̀ níbẹ̀. Adúmáadán ló kọ́kọ́ na ọrùn. Ó gbọ́ òórùn Ẹfun nímú, ní ẹ̀yìn, lábẹ́ àgbọ̀n, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó gbá ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kì, mo sì ti na ọwọ́ tí ó gé jẹ síwájú, mo ní bó bá fẹ́ gé òmíràn kó gé e. Ẹfun tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Adúmáadán sún mọ́ ọn, ó yọ ahọ́n, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lá etí tó ya náà, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, bí ẹni tó ń wá ibi tí òun á ti rán an.

Ìyá mi kò rí i. Ó fi ọwọ́ wá wọn títí ó fi bá orí méjì níbi kan náà.  Jórinjórin fi ọ̀bẹ rẹ̀ gé èékánná, bí ẹni pé ohun tó torí rẹ̀ pọ́n ọn nìyẹn, ó lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó kó ọ́ìlì rẹ̀ kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un.

Kí a tó kúrò lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Ẹfun, ọmọ jẹ́jẹ́, ọmọ ilé kéú, tọ̀ sórí ẹní Àlhájà. Mo ti ń wá àkísà. Àlhájà na ọwọ́ sábẹ́ tìmùtìmù àga rẹ̀, ó fa ìwé kan yọ, ó ṣí i ní ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì tẹ́ ẹ sábẹ́ wọn dáadáa. Lẹ́tà mi ni. Mo rí ẹ̀sùn kìíní, ti ọ̀dẹ̀dẹ̀, bí ìtọ̀ ṣe ń wọ inú rẹ̀.

Ó ní, "Ìwé yìí nípọn. O ṣeun, Akọ̀wé."

Kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi, èmi náà kò tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀, títí a fi kó kúrò ní Joju. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, orí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni ìyá mi ti ń gba oòrùn láràárọ̀, òun àti Àlhájà, àwọn ehoro ní àárín wọn, wọ́n ń bu ẹnu àtẹ́ lu àwa ayálégbé. Mo ti kúrò níbi iṣẹ́ ọṣẹ, n kò sì kúrò nínú ìwà mi. Bí wọ́n bá fi nǹkan dù mí, mo ṣì ń kọ ọ́ sílẹ̀, n kò ní jáwọ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo fi kún un. Bí wọ́n bá mú ẹnì kan wá pé ó bu ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣán, pé ìwà rẹ̀ burú, kí a ṣáà lé e tàbí kí a pa á, n kò ní kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún un, n kò sì ní gbà fún wọn. Màá kọ́kọ́ béèrè ẹni tó wẹ èkejì, àti ọṣẹ tó fi wẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, kí n tó la ẹnu mi sí i, màá gbóòórùn ọwọ́ ara mi.